"Live on" tàbí "live off"? Bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àìní àti ọlà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń kàwé ní àríwá ilẹ̀ England. Yunifásítì tó wà ní owó ìrànwọ́ kan fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí nǹkan há fún, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà kúkúrú láti fi ṣàlàyé ipò tó wà. Ó kọ tiẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ kan: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí n tó fi sílẹ̀." Gbólóhùn mẹ́ta tó wà láàárín lẹ́tà náà rèé:

"My mother is managing. My father sold out his shop. I am living off my uncle in Manchester."

Ohun tó ń sọ yé mi láìbi í. Ìyá ń rọ́jú. Bàbá ti ta ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò bàbá ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òyìnbó tó máa ka lẹ́tà náà yóò rí níbẹ̀ ni pé nǹkan ń lọ déédéé fún ìyá, pé bóyá ọjà inú ṣọ́ọ̀bù bàbá ló tà tán, àti pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ bí eégbọn, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu.

Ó dùn mí, torí ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Mo ti pẹ́ lẹ́nu kíkọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè náà ní Ìbàdàn, ibi tí mo sì ti ń rí i tí àwọn tó mọ̀wé ń ṣubú jù nìyí. Live kan náà ni, sell kan náà ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé wọn, on, off, up, out, by, ló ń gbé ìtumọ̀ wọn kiri. Phrasal verb ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Èmi máa ń pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe onírù fáwọn ọmọ kíláàsì mi.

Tí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó, ìbéèrè méjì ni mo fi ń yàn nínú wọn. Owó ta ni? Ṣé ó wu ẹni náà ni, àbí ó di dandan fún un? Àwọn tó sábà máa ń kọlu ara wọn ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nísàlẹ̀ yìí.

"Get by", "scrape by", àti "managing" tiwa

"Get by" ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń tó ẹnu. Owó ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ká nǹkan. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, kò sì sí ìfọ́nnu. Tí wọ́n bá bi òyìnbó pé báwo ni nǹkan, tó dáhùn pé "we get by", bí ẹni tó ní "a dúpẹ́, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀" ni. Iye owó tàbí ohun tó fi ń gbọ́ bùkátà ló ń tẹ̀ lé on: "She gets by on her pension."

"Scrape by" le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Scrape ni kí a ha nǹkan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń mọ̀ pé ìrẹsì alẹ́ ti tán nígbà tí a bá gbọ́ ìró ṣíbí ìyá mi lábẹ́ ìkòkò, krr, krr. Ó ń wá ẹyọ tó gan mọ́ ìdí ìkòkò kí tiwa lè pọ̀ sí i. Ìró yẹn ni mo máa ń gbọ́ nínú "scrape by". Ẹni tó ń scrape by, ìdí ìkòkò ló ti ń bu oúnjẹ. Bí nǹkan kékeré kan bá ṣẹlẹ̀, bí ọmọ bá ṣàìsàn, tí afẹ́fẹ́ bá ṣí páànù, kò sí ohun tó kù mọ́.

Ọmọ ìyá rẹ̀ ni "scrape together", àmọ́ òun gbọ́dọ̀ ní ohun tí à ń ha jọ: "They scraped together the school fees." Díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, díẹ̀ lọ́wọ́ alájọ, díẹ̀ látinú owó ọjà. Àwa náà ń sọ pé a ṣa owó jọ, nítorí náà eléyìí kì í ṣòro fún wa.

"Managing" ló ń kó wa sí wàhálà. Lọ́dọ̀ wa, "I'm managing" jẹ́ igbe. Ẹni tó bá sọ ọ́ fẹ́ kó o mọ̀ pé nǹkan ò dáa. Lọ́dọ̀ wọn, "she's managing" lè jẹ́ ìròyìn ayọ̀: ẹrù wúwo, ṣùgbọ́n ó ń gbé e. Ẹni tó ń pín owó ìrànwọ́ máa kà á, yóò sì kọjá sórí lẹ́tà tó kàn. Bákan náà ni "manage this rice" tí à ń sọ fún àlejò nígbà tí ẹran ò sí nínú ọbẹ̀. Òyìnbó máa rò pé ṣé o rò pé òun ò ní lè jẹ ẹ́ tán ni. Ọ̀rọ̀ tí à ń wá ni "make do with": "I'm afraid you'll have to make do with rice and stew."

"Make do with", "do without", "go without"

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ nípa ohun tí kò sí, ṣùgbọ́n wọn ò dọ́gba. Nínú "make do with", nǹkan kan wà lọ́wọ́, bí kò tiẹ̀ jẹ́ èyí tó wù wá. Ẹní ń bẹ, tìmùtìmù ni kò sí. Nínú "do without", nǹkan náà kò sí rárá, a sì ń bá ayé lọ láìsí i. Ènìyàn lè do without ṣúgà, ó lè do without mọ́tò, inú rẹ̀ sì lè dùn.

"Go without" ló ń dunni. Oúnjẹ, oògùn, bàtà ọmọ, aṣọ òtútù: ohun tí kò yẹ kó wọ́n ènìyàn ló máa ń bá a rìn. Gẹ̀ẹ́sì sì ní gbólóhùn kan tí mo fẹ́ràn nítorí pé ó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ìyá tiwa: "She went without so that we could eat." Wọn ò sọ ohun tí kò jẹ. Gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Ohun tí Yorùbá ń pè ní kí ìyá fi oúnjẹ du ara rẹ̀ nìyẹn. Tó o bá fi "did without" rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀, omi ti wọ̀ ọ́, ó máa dà bí ẹni pé ìyá kàn pinnu pé òun ò jẹ búrẹ́dì mọ́.

"Live on" àti "live off"

Orí èyí ni mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọmọ wa ti fi ẹnu ara rẹ̀ ba ara rẹ̀ jẹ́.

"Live on" ń sọ iye tàbí ohun tí à ń ná tàbí tí à ń jẹ: "They live on two hundred pounds a month." "We lived on gari that week." Kò bẹ́ni kankan wí.

"Live off" ń tọ́ka sí orísun tí à ń fà nínú. Ohun tó sì mú kó ṣòro ni pé ó bá ọlọ́rọ̀ mu, ó sì bá ọ̀lẹ mu. Ẹni tó ń live off the interest ti lówó débi pé èlé orí owó rẹ̀ nìkan tó o jẹ. Kò fọwọ́ kan ojú owó. Àgbẹ̀ tó ń live off the land, iyì ni fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí orísun náà bá jẹ́ ènìyàn, ọ̀rọ̀ ti yí padà. "He lives off his sister" túmọ̀ sí pé ó lè ṣiṣẹ́, kò ṣe é, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rẹ́ jẹ. "Sponge off" tún burú jù ú lọ. Sponge ni kànìnkànìn. Fojú inú wo bó ṣe ń fa omi mu.

Nílé wa, kí àbúrò bàbá máa gbọ́ bùkátà ọmọ tó ń kàwé kì í ṣe ẹ̀gàn fún ẹnikẹ́ni. Ojúṣe ni, ọmọ náà yóò sì ṣe é fún ẹlòmíì lọ́la. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ tó gbé ojúṣe yẹn, àmọ́ kò sí nínú "live off". "My uncle supports me" dáa. "My uncle helps me out" náà dáa, ó sì jẹ́ kó hàn pé ìgbà tó bá ní ló ń ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo fẹ́ sọ pé o gbójú lé e, "I rely on my uncle" tó.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí gbogbo ẹni tó ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nílò: "fall back on". Fall ni kí a ṣubú, back ni ẹ̀yìn. Ibi tí ènìyàn lè fẹ̀yìn tì nígbà tí ilẹ̀ bá yọ̀ ni. "I have no savings to fall back on": n ò ní owó ìpamọ́ kankan tí mo lè fẹ̀yìn tì. Má ṣe fi ṣe "fall behind", tó túmọ̀ sí pé owó ilé tàbí owó iná ti ń sá níwájú, ìwọ ò lé e bá mọ́: "He has fallen behind with the rent." Fall ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan ń wá ìtìlẹ́yìn, èkejì ti di ẹni ìkẹyìn.

Owó tí à ń fi pamọ́

"Save up" ní ohun tó ń lé: "I'm saving up for a laptop." Tó o bá rí i rà, ó parí. "Put aside" tàbí "set aside" dà bí owó alájọ, iye kan tí à ń yọ sọ́tọ̀ látinú èyí tó ń wọlé kí ọwọ́ má bàa kàn án. "Put by" sún mọ́ ọn, ẹnu àwọn àgbà ilẹ̀ Britain ni wàá ti máa gbọ́ ọ jù.

"Squirrel away" jẹ́ ti ọ̀kẹ́rẹ́, ẹranko tó ń fi èso pamọ́ de ìgbà òtútù. Ìyá arúgbó tó ń ká náírà mọ́ ìdí aṣọ, tó ń fi sábẹ́ àpótí, òun ló ń squirrel it away. Ìfẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. "Salt away" náà jẹ́ ìpamọ́, bí ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ sí kó má bàa bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìfura sábà máa ń bá a rìn. Owó tí wọ́n kó lọ sí Switzerland nígbà ìjọba Abacha, salted away gan-an nìyẹn, torí kì í ṣe owó ẹni tó kó o pamọ́. Lábẹ́ àdéhùn ọdún 2017 nìkan, nǹkan bí 321 mílíọ̀nù dọ́là ni Switzerland gbà láti dá padà fún Nàìjíríà. Ṣé ẹ rí i pé ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, owó ta ni, ló ya ọ̀kẹ́rẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára oníyọ̀?

Nípa dídáwó, "chip in" ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú tiẹ̀ sílẹ̀. "Club together" ni kí gbogbo wọn parapọ̀ ra nǹkan kan, àwọn ará Britain ló sì ń sọ ọ́ jù: "We clubbed together to buy her a sewing machine." Kò sí èyí tó jẹ́ èésú nínú méjèèjì, nítorí nínú èésú, owó náà máa ń yí dé ọ̀dọ̀ oníkálukú. Mo ti rí ìtumọ̀ tó pe èésú ní "clubbing together", kò sì tọ̀nà. Kọ "esusu" síbẹ̀, kó o wá fi "pay into" bá a rìn: "I pay into an esusu every month." Ọ̀rọ̀ náà ti rìn jìnnà ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun, ní Trinidad títí dòní sou-sou ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ará Caribbean ní London ò sì nílò àlàyé kankan.

Nígbà tí owó ìpamọ́ bá ń dínkù, ẹ wo ẹni tó ń ṣe é. "I dipped into my savings": èmi ni mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, díẹ̀ ni mo sì mú. "The rent is eating into my savings": owó ilé ló ń jẹ ẹ́ lójú mi. Nínú lẹ́tà ìrànwọ́, èkejì ló ń sọ òtítọ́ ẹni tí kò ní yíyàn.

Gbèsè

Gbèsè tí à ń kó jọ ni "run up": "He ran up a debt at the shop." Ó ní ìbáwí díẹ̀ nínú, bí ẹni pé kò wẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ pé owó oògùn ìyá ló sọ ọ́ di onígbèsè, sọ pé "he got into debt".

Sísan ló níṣòro. "Pay back" kọjú sí ẹni tó yáni lówó, "pay off" kọjú sí gbèsè fúnra rẹ̀ títí yóò fi tán. O lè pay back ogún pọ́n-ùn nínú ọgọ́rùn-ún, kó ku ọgọ́rin. Ṣùgbọ́n tó o bá ní o ti paid off the loan, kò ku kọ́bọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Bó o bá fi ènìyàn sí ibi tó yẹ kí gbèsè wà, tó o ní "I paid off my landlord", wọ́n lè gbọ́ ọ pé o fún un ní rìbá kó lè pa ẹnu mọ́.

"Write off" kò sí lọ́wọ́ onígbèsè rárá. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló máa fagi lé e. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fi kọ́ni ni ti Nàìjíríà àti Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń yáni lówó. Ní ọdún 2005, nígbà tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jẹ́ ààrẹ, tí Ngozi Okonjo-Iweala sì jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, gbèsè tí a jẹ wọ́n jẹ́ nǹkan bí 30 bílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n ṣàdéhùn pé àwọn yóò fagi lé nǹkan bí 18 bílíọ̀nù, kí àwa san bí 12 bílíọ̀nù. Oṣù kẹrin ọdún 2006 la san èyí tó kù. Ní Gẹ̀ẹ́sì: "About eighteen billion was written off, and Nigeria paid off the rest." Ọ̀rọ̀ méjì, olùṣe méjì. Nígbà náà, mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé Nàìjíríà "wrote off" gbèsè rẹ̀. Bí onígbèsè bá lè fagi lé gbèsè ara rẹ̀, ta ni ì bá jẹ́ onígbèsè láyé?

"Work off" ni kí a fi iṣẹ́ san gbèsè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sáré mú ìwọ̀fà wá síbẹ̀, ó sì ń dà wọ́n láàmú. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ni ó dúró fún. Owó tí wọ́n yá wà níbẹ̀ gbágbá títí ọjọ́ tí ẹbí yóò fi mú un wá. Ẹni tó bá ń work off a debt, gbèsè rẹ̀ ń kéré sí i ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì jìnnà síra gan-an, ọmọ tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà fún ọdún mẹ́wàá ì bá sọ fún yín bó ṣe jìnnà tó.

Fún ìrànwọ́ láàárín gbèsè, "tide over" kéré, "bail out" tóbi. Tide ni bí òkun ṣe ń kún tó sì ń fà. Owó tó gbé ọ kọjá ibi tó fà títí owó oṣù yóò fi dé ló tide you over: "Can you lend me something to tide me over till Friday?" Bail ni kí a gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń rì ni wọ́n sì ń bail out. Ní ọdún 2009, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kó 620 bílíọ̀nù náírà sínú àwọn báńkì tó fẹ́ rì. Bail-out nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tó o yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ kò tó bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó dùn mọ́ ọ tó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ gírámà kan há a láàárín níbí. Gẹ̀ẹ́sì ní kí a sọ "pay it off", kì í gba "pay off it". Àwọn ọmọ mi máa ń kùn pé kò nídìí. Mo wá máa ń bi wọ́n pé tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣé "mo bàjẹ́ ẹ" ni wọ́n ń sọ àbí "mo bà á jẹ́"? Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là kún èdè tiwa: bà…jẹ́, tàn…jẹ, gbà…gbọ́. Arọ́pò-orúkọ máa ń wọ àárín. Pay it off, write it off, put it by, work it off: bí ti "bà á jẹ́" ni wọ́n ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n live on it, get by on it, come into it kì í là. Wọ́n ní láti há sórí, n ò lè tàn yín.

Owó tó ń jáde

"Fork out" àti "shell out" fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan: owó pọ̀, kò sì wù mí kí n san án. Shell out ni bí ẹni ń bó ẹ̀pà, tí wóró ń jáde. Mú èyí tó bá wù ọ́.

"Splash out" ni owó tó pọ̀ tí inú mi dùn sí. Ẹ wo aṣọ ẹbí. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó àbúrò mi, "I splashed out on the lace." Tó bá jẹ́ ti ẹnìkan ní ọ́fíìsì tí mi ò mọ̀ dáadáa, tí n ò sì lè kọ̀, "I had to fork out for the lace." Léèsì kan náà, iye kan náà. Ìbéèrè kejì ló yà wọ́n: ṣé ó wù mí àbí ó di dandan? On ló ń tẹ̀ lé splash out, for ló ń tẹ̀ lé fork out. Ní Amẹ́ríkà, "splurge" ni wọn yóò sọ dípò splash out.

"Cough up" gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń fúngun mọ́ni. Láyé àtijọ́, nígbà tí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, wọ́n á ní kí ológò lọ dógò tì í. Ó máa jókòó sílé rẹ̀, á máa pariwo, á máa jẹ adìyẹ rẹ̀, títí owó yóò fi jáde. Bí owó yẹn ṣe jáde, bí ikọ́ tó há sọ́nà ọ̀fun, ni "cough up". Má kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ẹni tó o bọ̀wọ̀ fún.

"Blow" kò nílò ìrù, mo sì dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa. "He has blown" ní Èkó: ó ti lówó, orúkọ rẹ̀ ti hàn. "He blew his money" ní London: ó ti fi owó ṣòfò tán. Bí ọmọ kan bá kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òkè òkun pé òun fẹ́ blow, kó ṣàlàyé ara rẹ̀.

Owó tó ń wọlé

"Come into money" ni kí ogún tàbí orí-ire gbé owó wá bá ọ. O ò ṣiṣẹ́ fún un. Tí o bá sọ nípa oníṣòwò tó fi ogún ọdún tiraka pé ó "came into money", o ti gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Come by" yàtọ̀: ó jẹ́ kí a rí nǹkan. "Jobs are hard to come by" kò ní ẹ̀sùn nínú, àmọ́ "How did he come by that money?" ti ń wo ojú olè.

"Rake in" ni owó tí òwò ń kó wọlé bí ẹni fi réèkì wa ewé jọ. "Be rolling in it" ni ẹni tí owó rẹ̀ ti pọ̀ débi tó fi lè yí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni méjèèjì, wọn ò yẹ nínú ìwé tó bọ́ sí ọ́fíìsì. Fún ìwé, "well off" tó, ó sì níwà. Ṣùgbọ́n "better off" kò túmọ̀ sí olówó. Tálákà tó rí ẹgbẹ̀rún kan lé sórí owó oṣù rẹ̀ ti better off than last year, ó ṣì lè máa scrape by.

"Cash" ní ìrù mẹ́ta. "Cash in on" ni kí o rí àǹfààní kan kó o fi pa owó, ó sì sábà ní àbùkù nínú, bí àwọn tó gbówó epo lé nígbà ọ̀wọ́n. "Cash out" ni kí o ta ìpín tàbí kí o gba èrè rẹ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní Nàìjíríà, pípa owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà ni. "Cash up" jẹ́ ti Britain: kí oníṣọ́ọ̀bù ka owó ọjọ́ náà kó tó tilẹ̀kùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ máa gbọ́ eléyìí lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tí òwò bá parí

Àwa ń sọ pé òwò kógbá sílé, èyí ni a fi ń sọ "fold up" lédè Gẹ̀ẹ́sì tiwa. Àwọn ará Britain sábà máa ń sọ "fold" lásán. "Go under" jẹ́ ti ọkọ̀ tó rì: òwò náà kò lè san gbèsè rẹ̀, ó lọ sísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó yàn án.

"Sell out" ni kí ọjà tán, "we've sold out of bread". Tó bá jẹ́ ènìyàn ló sold out, ó ti ta ìgbàgbọ́ rẹ̀ tàbí àwọn ènìyàn rẹ̀. "Sell up" ni kí onílé tàbí oníṣòwò ta ohun tó ní pátá, kó sì kúrò nídìí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pinnu. Kì í sábà gba orúkọ nǹkan lẹ́yìn, "he sold up" ti tó.

Níbi yìí ni èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró sí fún ìṣẹ́jú mélòó kan lórí fóònù. Mo bi í pé, "Ṣọ́ọ̀bù Dádì rẹ, ṣé ó wó ni, àbí ó tà á?" Ó dákẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ọjà ṣì ń lọ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Owó ilé-ìwé mi ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n fi san." Ohun tó kọ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn rèé:

"My mother sells pepper in Ibadan and only just scrapes by. My father sold up to pay my first-year fees. My uncle in Manchester helps me out when he can, but he has fallen behind with his own rent, and I have no savings to fall back on."

Kó tó fi ránṣẹ́, ó kà á fún àwọn òbí rẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ràn "scrapes by", ó ní ṣé dandan ni kí òyìnbó mọ ìdí ìkòkò òun. Ó gbà nígbẹ̀yìn pé kó wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé orí "sold up", tó ṣàlàyé bó ṣe yàtọ̀ sí kí òwò rì, bàbá rẹ̀ ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Bàbá ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo tà á."